Edward Wilson, Dókítà Tó Ya Ilẹ̀ Yìnyín

Àwòrán òṣùpá tí ẹ ń wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé yìí, ọwọ́ mi ni mo fi yà á, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ni ín. Ẹni tó ni ín ti kú láti ọdún 1912. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Tí mo bá parí rẹ̀, mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́.

Edward Adrian Wilson ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 1872 ni wọ́n bí i ní ìlú Cheltenham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Dókítà ni bàbá rẹ̀, òun náà sì kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ní ti àwòrán, fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ní ọdún 1898, ikọ́ ife mú un, ó di dandan kó lọ gba ìsinmi ní Norway àti Switzerland. Ara rẹ̀ yá. Ní ọdún 1901, ó fẹ́ Oriana níyàwó, kò sì pé oṣù kan tó fi bá Scott wọ ọkọ̀ ojú omi Discovery lọ sí Antarctica, ilẹ̀ yìnyín tó wà ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí. Ọ̀dà tí wọ́n ń fi omi pò ni Wilson ń lò, ṣé ẹ mọ̀ pé omi á dì gbagidi níbẹ̀! Kí ló wá ń ṣe? Á bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, á fi pẹ́ńsù ya òkè tó ń wò kíákíá, tí ìka bá ti kú tipiri, á tún ki ọwọ́ bọ ìbọ̀wọ́. Á wá kọ orúkọ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ibi tó rí i lórí ìwé náà. Ìgbà tó bá padà dé inú ilé ni yóò tó fi ọ̀dà sí i. Kò fẹ́ fi àwọ̀ tí kò rí sí i.

Ní ìparí ọdún 1902, òun, Scott àti Shackleton ń fa ẹrù lórí yìnyín lọ sí gúúsù. Bí wọ́n ti ń lọ ló ń ya àwọn òkè. Ìtànṣán oòrùn orí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í ta á lójú débi pé wọ́n fi aṣọ di ojú rẹ̀, ó sì ń fa ẹrù lọ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kò ní kó pa pẹ́ńsù tì.

Nígbà òkùnkùn tí oòrùn kì í yọ, wọ́n ṣe ìwé ìròyìn kan, South Polar Times. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe. Wilson á fi ọwọ́ ya àwòrán sí i, wọ́n á sì máa kà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹ ò rí i pé àwa press club nìkan kọ́!

Ní ọdún 1910, ó tún bá Scott lọ nínú ọkọ̀ Terra Nova, òun sì ni olórí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1911, ní Cape Evans, ó rí òṣùpá tí ìmọ́lẹ̀ yí ká bí agbo. Yìnyín wínníwínní tó wà lójú ọ̀run ló ń fa irú rẹ̀, torí ó ń yí ìmọ́lẹ̀ òṣùpá lọ́nà. Àwòrán yẹn gan-an ni mo wò yà.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1912, àwọn márùn-ún dé ìpẹ̀kun gúúsù. Amundsen ará Norway ti ṣíwájú wọn débẹ̀. Wilson ṣì yọ pẹ́ńsù, ó ya àgọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, òtútù àti ebi bá wọn fínra, gbogbo wọn sì kú. Wilson, Scott àti Bowers kú sínú àgọ́ kan ní nǹkan bí ìparí oṣù Kẹta. Ẹni ọdún 39 ni Wilson. Ní oṣù Kọkànlá, wọ́n rí òkú wọn, wọ́n sì rí àwọn àwòrán rẹ̀ ìkẹyìn. Pẹ́ńsù lásán ni wọ́n, kò padà délé láti fi ọ̀dà sí wọn.

Ó wá ku tèmi. Àwòrán odò tó wà lára pátákó yìí ní sáà tó kọjá, tí olùkọ́ wa yìn mí fún níwájú kíláàsì, ara kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan ni mo ti wò ó yà. Orúkọ mi nìkan ni mo kọ sí i, mo sì dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ya òṣùpá Wilson yìí. Ní àkọ́kọ́, mo fi yìnyín sílẹ̀ ní funfun báláú, torí bí mo ṣe rò pé yìnyín ń rí nìyẹn. Nígbà tí mo tún un wò, mo rí i pé tirẹ̀ kò funfun bẹ́ẹ̀ lábẹ́ òṣùpá. Orí mi ni mo ń yà, mi ò ya ohun tó wà níwájú mi. Àwọn kan ní ẹni tó ń wo tẹlòmíì yà kò mọ nǹkan kan. Mi ò gbà. Wíwò ó yà ló kọ́ mi láti lajú. Irọ́ tó wà níbẹ̀ ni kéèyàn fi orúkọ onínǹkan pamọ́.

Nítorí náà, ẹ wo ìsàlẹ̀ àwòrán náà. Orúkọ Wilson ló ṣáájú, tèmi tẹ̀ lé e.