Jacques Cousteau: Ọkùnrin tó kọ́ ayé bí a ṣe ń mí lábẹ́ omi, àti ohun tí òtútù lè fi régúlétọ̀ ṣe

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi gáàsì dáná, ẹ mọ régúlétọ̀, ohun kékeré orí sílíńdà tí kì í jẹ́ kí gbogbo gáàsì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn òmùwẹ̀ tó ń gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ pọ̀n lọ sí ìsàlẹ̀ òkun náà ní tiwọn. Ọkùnrin tó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń lò ni Jacques-Yves Cousteau, ọmọ ilẹ̀ Faransé. 1997 ló kú, ọ̀pọ̀ nínú yín ni wọn ò tíì bí nígbà yẹn.

Wọ́n bí i ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà, 1910, ní Saint-André-de-Cubzac, nítòsí Bordeaux. Iṣẹ́ ológun ojú omi ló ṣe, àmọ́ ọkọ̀ òfúrufú ló wù ú láti máa wà. Jàǹbá mọ́tò kan ló ba ìyẹn jẹ́, ó ṣẹ́ ẹ lápá. Kí apá náà lè padà bọ̀ sípò ló ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun ní Toulon. Ní 1936, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Philippe Tailliez yá a ní awò tí wọ́n fi ń wo abẹ́ omi. Ó tẹ orí bọ omi, ó rí ẹja, ó rí koríko òkun, ọ̀rọ̀ bùṣe. Láti ọjọ́ náà, òkun ló gba ọkàn rẹ̀.

Wàhálà tó kù ni èémí. Ìṣẹ́jú mélòó lèèyàn fẹ́ fi sé imú? Ó gbìyànjú láti máa mí ọ́síjìn nìkan, gìrì mú un lábẹ́ omi ní ẹ̀ẹ̀mejì, díẹ̀ ló kù kó kú. Ọ́síjìn tó ń gbé ẹ̀mí ró lókè yìí, májèlé ló ń dà téèyàn bá wọ ibi tó jìn.

1942 dé, ogun ń lọ, àwọn ará Jámánì ti gba Faransé, epo mọ́tò ò sí. Ẹnjiníà kan ní iléeṣẹ́ Air Liquide ní Paris, Émile Gagnan, ti ṣe fáàfù kékeré kan tó ń jẹ́ kí mọ́tò máa fi gáàsì ṣiṣẹ́ dípò epo. Ìwọ̀nba tí ẹ́ńjìnnì bá fà ló máa ń fún un. Bàbá ìyàwó Cousteau wà ní iléeṣẹ́ yẹn, ìyẹn ló jẹ́ kó pàdé Gagnan ní oṣù Kejìlá. Ohun tí Cousteau ń wá rèé o! Ẹ̀dọ̀fóró èèyàn náà kì í ṣe ju kó fà lọ. Ká má purọ́ ṣá, àwọn ọmọ Faransé méjì, Rouquayrol àti Denayrouze, ti ṣe irú ẹ̀ láti bíi 1860 sókè, àmọ́ sílíńdà ayé wọn ò lè gba afẹ́fẹ́ tó pọ̀.

Oṣù Kìíní 1943, nínú òtútù, Cousteau wọ odò Marne lẹ́bàá Paris. Tó bá nà gbalaja, ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ dáadáa. Tó bá nàró, afẹ́fẹ́ á máa tú yàà dànù. Tó bá dorí kodò, agbára káká ló fi ń rí èyí tó máa fà. Inú bí i. Ìgbà tí wọ́n rò ó dáadáa ni wọ́n rí i pé ibi tí èémí ń gbà jáde ga ju ibi tó ń gbà wọlé lọ. Wọ́n gbé méjèèjì sójú kan náà, ó tán. Nígbà tó fi di oṣù kẹfà, ó ti ń fò bí ẹyẹ nínú òkun ní Bandol. Aqua-Lung ni wọ́n sọ ọ́.

Àmọ́ òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ, 1946, òun àti Frédéric Dumas wọ ihò omi Vaucluse, omi tó tutù, tó sì ṣókùnkùn. Bí wọ́n ṣe dé ìsàlẹ̀, orí wọn dàrú, Dumas ò mọ ara rẹ̀ mọ́. Maurice Fargues tó di okùn mú lókè ló fura tó fà wọ́n jáde. Nígbà tí wọ́n yẹ afẹ́fẹ́ sílíńdà wò, ẹ̀rọ tí wọ́n fi fún un ti fa èéfín ara rẹ̀ mọ́ ọn, èéfín kan náà tó ń pa àwọn tó ń tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn. Régúlétọ̀ ò ṣe nǹkan kan o, ohun tí wọ́n gbé fún un ló gbé fún wọn. Ó dunni pé ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Fargues yìí gan-an kú níbi tó ti ń dán bí òun ṣe lè jìn tó wò, ní 120 mítà.

Òtútù náà ní tirẹ̀. Ní 1972 wọ 1973, Cousteau gbé ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, Calypso, lọ sí Antarctica, àwọn èèyàn rẹ̀ sì wọ abẹ́ yìnyín. Ẹ fọwọ́ sẹ́nu fáàfù táyà nígbà tí fọkanáísà bá ń tú u, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ máa ń tutù. Sílíńdà òmùwẹ̀ ń gba nǹkan bíi 200 bar, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 100 ti táyà. Bí omi àyíká bá ti tutù jù, omi tó ráyè wọ ìdí sípíríǹgì á dì, fáàfù á há ní ṣíṣí, afẹ́fẹ́ á máa tú yàà bíi ti Marne títí sílíńdà á fi gbẹ. Ẹ wá fojú inú wò ó pé yìnyín ló wà lókè orí yín.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tiwa tó ń kọ́ ìwẹ̀ yìí ní Britain àti Amẹ́ríkà pé kí wọ́n yé wo àwọ̀ àti orúkọ. Nínú òfin ilẹ̀ Yúróòpù, EN 250, omi tó bá ti wà nísàlẹ̀ 10 °C ti di omi tútù, ní 4 °C ni wọ́n sì ń dán régúlétọ̀ rẹ̀ wò. Èyí tí kò bá yege, wọ́n á kọ >10 °C sí i lára. Ẹ wá a dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó. Apá tó wà lórí sílíńdà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n dé pa, tómi ò lè dé ìdí sípíríǹgì rẹ̀. Apá ẹnu tó jẹ́ irin sàn ju oníke lọ, torí irin máa ń gba ooru láti inú omi. Tó bá jẹ́ abẹ́ yìnyín, méjì ni kẹ́ ẹ gbé, kí kálukú ní fáàfù tiẹ̀, tí ọ̀kan bá dì kẹ́ ẹ lè tì í. Ẹ má sì fi mí lókè nínú atẹ́gùn tútù kẹ́ ẹ tó wọ omi, èémí yín lọ́rinrin, ó lè dì síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú sílíńdà náà gbọ́dọ̀ gbẹ, kó sì mọ́.

Fíìmù tí Cousteau ṣe nípa abẹ́ òkun gba Palme d'Or ní 1956, ó tún gba Oscar. Ọmọ rẹ̀ Philippe kú nínú jàǹbá ọkọ̀ òfúrufú ní 1979. Òun náà kú ní Paris ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà, 1997, wọ́n sì gbé e lọ sin sí ìlú tí wọ́n ti bí i. Ní ti Gagnan tó ṣe fáàfù, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ orúkọ rẹ̀, ó ti kó lọ sí Montréal ní Kánádà láti 1947, níbi tí òtútù pọ̀ sí, ó sì ń bá iṣẹ́ régúlétọ̀ rẹ̀ lọ.