Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì: Ta Ni Ká Kọ́kọ́ Náwó Ìlera Lé Lórí?

Bí owó bá kéré tí àìsàn sì pọ̀, ta ni ká kọ́kọ́ tọ́jú? Ìbéèrè yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé wọn wá ìdáhùn sí. Púpọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ wọ́n sí ẹ̀gbọ́n Fẹlá. Iṣẹ́ tiwọn náà tó ohun tí à ń pìtàn rẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí wọn sí ní ọjọ́ 30, oṣù Kejìlá, ọdún 1927. Ọ̀gá ilé-ìwé ni bàbá wọn, Àlùfáà Israel Ransome-Kútì. Ìyá wọn, Fúnmiláyọ̀, ló ṣíwájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá nígbà tí wọ́n kọ owó orí. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ka ìwé girama, kí wọ́n tó lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Trinity College, Dublin, ní Ireland.

Ìtọ́jú ọmọdé ni wọ́n yàn láàyò, Yunifásítì Èkó ni wọ́n sì ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ohun tí wọ́n ń rí níbẹ̀ kò fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Àwọn àìsàn tó ń gbé ọmọ wá sí ilé ìwòsàn ńlá, ìgbẹ́ gbuuru, eéyi, ibà àti àìjẹun-re-kánú, ni àwọn tí à bá ti fi owó díẹ̀ dá dúró nílé. Ẹ jẹ́ ká wo ìgbẹ́ gbuuru nìkan. Ọmọ tí omi ara rẹ̀ ti tán yóò gba bẹ́ẹ̀dì, yóò gba omi sí iṣan, nọ́ọ̀sì yóò sì ṣọ́ ọ mọ́jú. Bí ìyá rẹ̀ bá ti mọ bí a ṣe ń po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi tó mọ́, tó sì tètè fún un mu, ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní dé bẹ́ẹ̀dì rárá. Ní Gbàjà, ní Sùúrùlérè, àwọn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti máa yẹ ọmọ wò kí wọ́n sì tọ́jú wọn, kí dókítà lè ráyè gbọ́ ti àwọn tí àìsàn wọn le.

Ní 1985, wọ́n di mínísítà ètò ìlera. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní ọjà àgbáyé, náírà náà sì ń rẹlẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá inú ìlú ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú owó ìlera, bẹ́ẹ̀ abúlé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé. Ọ̀jọ̀gbọ́n yí ojú owó padà sí ètò ìlera alábọ́dé. Ìjọba ìbílẹ̀ 52 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìlànà ìlera orílẹ̀-èdè ti 1988 pín iṣẹ́: ìjọba ìbílẹ̀ ni kó mójú tó ilé ìwòsàn alábọ́dé, ìpínlẹ̀ ni kó mú ilé ìwòsàn jẹnẹ́rà, ìjọba àpapọ̀ ni kó mú ti yunifásítì. Wọ́n polongo abẹ́rẹ́ àjẹsára pẹ̀lú àfojúsùn àgbáyé pé kó dé ara ọmọ 80 nínú 100 títí di 1990. Wọ́n ṣètò àkójọ oògùn tó ṣe kókó, kí owó má baà máa lọ sórí olówó iyebíye nígbà tí èyí tó rọjú ń ṣiṣẹ́ kan náà. Wọ́n gbé ọmú ìyá lárugẹ, nítorí kò ná àpò ìjọba ní nǹkan kan.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló yìn wọ́n. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn ńlá ń kùn pé ẹ̀rọ ń bàjẹ́, kò sì sí owó àtúnṣe. Ẹ̀sùn wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: ènìyàn ni ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kọ iṣẹ́, ènìyàn sì ni ẹni tí jẹjẹrẹ ń bá jà. Bí a bá ti fi ohun kan ṣíwájú, ẹnìkan ni yóò dúró sẹ́yìn. Àwọn mìíràn béèrè ìdí tí wọ́n fi bá ìjọba ológun ṣiṣẹ́ nígbà tí Fẹlá àti Dókítà Beko, àbúrò wọn, ń bá a jà.

Wọ́n kúrò ní 1992. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn alábọ́dé di ilé òfìfo: kò sí oògùn, kò sí òṣìṣẹ́. Ohun tó rọjú náà ń fẹ́ owó lọ́dọọdún. Abẹ́rẹ́ àjẹsára gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì, fíríìjì sì gbọ́dọ̀ rí iná.

Nígbà tí Fẹlá kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 1997, àwọn ni wọ́n kéde fún aráyé pé àrùn éèdì ló pa á, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń sọ pé kò sí irú àrùn bẹ́ẹ̀. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n dákẹ́ sí ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹfà, ọdún 2003.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ìjọba bá tún ń ṣí ẹ̀rọ ńlá kan, tí àwọn oníròyìn ń ya fọ́tò, ẹ jẹ́ ká béèrè nǹkan mẹ́ta: ènìyàn mélòó ni yóò jàǹfààní rẹ̀? Kí ni owó náà ì bá ti ṣe níbòmíràn? Ta ni yóò sì máa sanwó rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀?