Alimotu Pelewura: Ẹlẹ́ja ọjà Eréko tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tọ ìjọba lọ

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ó ti di àṣà láàárín àwa ọlọ́jà àti oníṣòwò pé bí ìjọba bá gbé òfin kan dé tí ó ni wá lára, ìdí ìsọ̀ ni a ó ti máa ráhùn. A ó sọ ọ́ fún oníbàárà, a ó sọ ọ́ fún awakọ̀, a ó sọ ọ́ fún ẹni tí a jọ jókòó níbi ìsọmọlórúkọ. Ẹni kan ṣoṣo tí a kì í sọ ọ́ fún ni ẹni tí a dìbò fún pé kó lọ ṣojú wa. Ó di ọjọ́ tí katakata bá dé ẹnu ọjà kí a tó máa wá nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kiri.

Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn ìyá kan fún yín lónìí. Mùsùlùmí ni. Ẹja ni ó ń tà. Kò lọ sí ilé ìwé, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ẹ̀tọ́ láti dìbò yan ẹnikẹ́ni sí ìgbìmọ̀ aṣòfin. Síbẹ̀, gómìnà òyìnbó yí òfin padà nítorí rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Alimotu Pelewura.

Ẹlẹ́ja tí ó di olórí

Èkó ni wọ́n bí Pelewura sí, ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nínú agbo ilé ńlá tí ó ní ìyàwó púpọ̀ àti ọmọ púpọ̀. Ẹja ni ìyá tí ó bí i ń tà, òun náà sì mú iṣẹ́ náà ṣe ní nǹkan bí ọdún 1900. Ẹni tí ó bá mọ ọjà ẹja mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ẹja kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí kò bá tà lónìí, àdánù dé. Ẹni tí yóò ṣe é gbọ́dọ̀ mọ iye tí òun rà á, iye tí òun fi gbé e, àti iye tí òun kò gbọdọ̀ tà á sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìmọ̀ ìṣírò orí yìí ni ó wá lò níwájú ìjọba nígbà tí àkókò tó.

Nígbà tí yóò fi di ọdún 1910, ó ti di ẹni tí wọ́n ń dá mọ̀ láàárín àwọn obìnrin ọjà, Ọba Eshugbayi Eleko sì ti fi í joyè. Ní àwọn ọdún 1920, àwọn ará ọjà Eréko fi í ṣe Alága wọn. Lẹ́yìn náà ni ó di olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà Èkó lápapọ̀, tí ó kó aláta, onígàrí, ẹlẹ́ja àti aláṣọ pọ̀ sábẹ́ agboòrùn kan.

Ó yẹ kí a mọ bí ìjọba ṣe rí nígbà náà. Òfin ọdún 1922 ni ó kọ́kọ́ fún Èkó ní aṣojú mẹ́ta tí wọ́n dìbò yàn sínú ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ó ń rí ó kéré tán £100 lọ́dún nìkan ni ó lè dìbò. Obìnrin kankan kò sí níbẹ̀, bó ti wù kó lówó tó. Herbert Macaulay dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923, Pelewura àti àwọn obìnrin ọjà sì dúró tì í gbágbáágbá. Nígbà tí ìjọba lé Ọba Eleko kúrò ní Èkó ní 1925, ẹ̀yìn ọba ni àwọn obìnrin yìí wà títí tí ó fi padà wálé ní 1931. Macaulay jẹ́ Kristẹni, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Pelewura jẹ́ Mùsùlùmí. Ọ̀rọ̀ ìlú kò jẹ́ kí ìyẹn dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Macaulay mọ ìwé kọ, Pelewura mọ ọjà. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé ẹnìkan kò lè dá a ṣe.

Ọjà Eréko kò kúrò níbi tí ó wà

Ní àárín àwọn ọdún 1930, ìjọba pinnu láti kó ọjà Eréko kúrò lọ sí àdúgbò Olúwọlé. Ẹ̀yin ọlọ́jà mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ibi tí oníbàárà ti mọ̀ ọ́, tí ó ti ń bá ọ ná ọjà láti ọjọ́ pípẹ́, ni wọ́n fẹ́ mú ọ kúrò. Pelewura kó àwọn obìnrin jọ, wọ́n sì kọ̀ jálẹ̀. Ọlọ́pàá dé, wọ́n mú òun àti àwọn mìíràn, wọ́n tì wọ́n mọ́lé. Àwọn obìnrin ọjà yòókù kò jókòó. Wọ́n tú jáde títí wọ́n fi dá wọn sílẹ̀. Ọjà Eréko kò kúrò.

Láti ìgbà náà ni ìjọba ti mọ̀ pé ẹni tí ó bá ń bá Pelewura sọ̀rọ̀, gbogbo ọjà ni ó ń bá sọ̀rọ̀.

Owó-orí obìnrin ní 1940

Ọ̀rọ̀ tí ó mú kí orúkọ rẹ̀ kọjá Èkó ni ti owó-orí. Láti ọdún 1918 ni àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ti ń san owó-orí, ìbẹ̀rù rẹ̀ sì wà lọ́kàn àwọn ti Èkó. Nígbà tí ìròyìn tàn kálẹ̀ ní 1932 pé ó fẹ́ kàn wọ́n, àwọn obìnrin ọjà rán aṣojú lọ sọ́dọ̀ alákòóso Èkó. Ó sì fi dá wọn lójú pé ìjọba kò ní irú èrò bẹ́ẹ̀. Wọ́n padà sílé, wọ́n sì fi ìlérí náà sọ́kàn.

Nígbà tí ó di 1940, ogun àgbáyé ti bẹ̀rẹ̀, ìjọba ń wá owó. Òfin tuntun jáde pé obìnrin tí owó tí ó ń wọlé fún un bá ju £50 lọ lọ́dún yóò máa san owó-orí. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ó ju ọgọ́rùn-ún obìnrin lọ tí wọ́n rọ́ lọ sí ọ́fíìsì Kọmíṣọ́nnà ìlú Èkó. Láti ibẹ̀, wọ́n gba ilé Gómìnà Bernard Bourdillon lọ, kí wọ́n tó kọrí sí ilé Macaulay. Wọn kò lọ lọ́wọ́ òfo. Ìwé ẹ̀bẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, tí ó ju 200 obìnrin lọ tẹ̀ka sí. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ ní àtàǹpàkò, ìyẹn sì tó láti fi hàn pé ènìyàn gidi ni ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tí wọ́n béèrè kò lọ́jú pọ̀: kí ìjọba fagi lé owó-orí obìnrin. Ìdí tí wọ́n fi béèrè náà yé ẹnikẹ́ni. Ogun ti ba ọjà jẹ́. Ọkọ ẹlòmíràn kò níṣẹ́ lọ́wọ́, ìyàwó ni ó ń bọ́ ilé. Obìnrin kò sì lè dìbò, báwo ni yóò ṣe máa san owó fún ìjọba tí kò lóhùn nínú rẹ̀? Nígbà tí wọ́n sọ fún wọn pé àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń san owó-orí, Pelewura fèsì pé èyí kò ya òun lẹ́nu, nítorí ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń ṣe owó. Ilẹ̀ Áfíríkà ní tirẹ̀, òṣì ni ó ń bá jà. Ẹ wo ìyá tí kò jókòó sí kíláàsì rí! Kò bú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọ́n lè fi dá a lóhùn.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan, gómìnà gbé iye náà kúrò ní £50 lọ sí £200. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni obìnrin Èkó tí ó ń rí tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ì bá ti dúpẹ́, tí a ì bá ti wọ aṣọ ẹgbẹ́ lọ yin ìjọba nìyí. Àwọn ìyá wọ̀nyí kò tíì lọ sílé. Wọ́n pe ìpàdé ńlá sí gbọ̀ngàn Glover, ẹgbẹ̀rún obìnrin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ péjọ, Pelewura sì bá wọn sọ̀rọ̀ pé ohun tí àwọn béèrè kò tíì tẹ àwọn lọ́wọ́ tán. Òfin náà kò parẹ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ẹrù rẹ̀ fò kọjá orí ẹlẹ́ja, aláta àti onígàrí.

Owó tí kò gbà

Ogun náà tún mú ìṣòro mìíràn wá. Láti 1941, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í dá iye lé oúnjẹ ní Èkó, wọ́n sì fi Ọ̀gágun A. P. Pullen sí ìdí rẹ̀. Iye tí wọ́n dá lé gàrí àti oúnjẹ mìíràn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó lọ rà á ní ìgbèríko, tí ó san owó ọkọ̀, kò ní rí ojú owó rẹ̀. Ìjọba tún dá ibi ìtajà tirẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ó tẹ̀lé e ni pé oúnjẹ wọ́n, wọ́n ń tà á ní kọ̀rọ̀, wọ́n sì ń mú obìnrin lọ sí kóòtù.

Pullen mọ̀ pé bí òun bá rí Pelewura mú, ọjà ti bọ́ sí òun lọ́wọ́. Ó pè é pé kó wá bá òun ṣiṣẹ́, kó sì máa gba owó. Ìyá yìí kọ̀. Ó jẹ́ kó yé e pé kò sí iye tí wọn yóò fún òun tí òun yóò fi bá wọn pa ebi mọ́ ìlú tí wọ́n bí òun sí.

Ṣùgbọ́n kò torí pé ó kọ owó kó má bá wọn jókòó mọ́. Òun àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ìpàdé pẹ̀lú Pullen àti àwọn aláṣẹ mìíràn, wọ́n sì gbé àbá kalẹ̀: kí ìjọba dá òwò oúnjẹ padà fún àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ìjàkadì yìí gba ọdún mẹ́rin gbáko. Kí 1945 tó parí, ìjọba ti ń tú ìdè náà. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Àwọn obìnrin ọjà dáwó fún wọn, wọn kò sì gbówó lé oúnjẹ. Ẹni tí ó bá ń béèrè pé kí ìlú gbọ́ tòun gbọ́dọ̀ gbọ́ ti ìlú.

Ní 1947, wọ́n fi Pelewura joyè Erelu Èkó. Ó kú ní 1951, èrò tí ó tẹ̀lé òkú rẹ̀ kò lóǹkà.

Ohun tí àwa lè mú níbẹ̀

Lónìí, ohun tí Pelewura kò ní wà lọ́wọ́ wa. Tọkùnrin tobìnrin wa ní ẹ̀tọ́ ìbò. Káńsẹ́lọ̀ wà ní gbogbo wọ́ọ̀dù, aṣojú wà ní ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀, aṣojú wà ní Àbújá. Ọ̀nà tí a ń gbà lọ bá wọn ni ó ń dà wá láàmú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ilẹ̀kùn tí ó yẹ kí a kàn. Ìwé òfin Nàìjíríà fi ọ̀rọ̀ ọjà àti gáréèjì sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí náà, bí owó ìsọ̀ tàbí ìmọ́tótó ọjà bá ń dùn wá, ọ̀dọ̀ káńsẹ́lọ̀ àti alága ni kí a kọ́kọ́ lọ. Ti òfin ìpínlẹ̀, aṣojú ìpínlẹ̀ ni. Ti owó kọ́sítọ́ọ̀mù, Àbújá ni.

Kí a má dá nìkan lọ, kí a má sì lọ bí ọmọ ìta. Kí ẹgbẹ́ yan ẹni tí yóò sọ̀rọ̀, kí ó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni ohun tí a ń béèrè, kí ẹni tí ó mọ̀wé bá wa kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì fi orúkọ àti ìtẹ̀ka sí i. Kí a ṣírò rẹ̀ fún un bí ẹlẹ́ja ṣe ń ṣírò: iye tí a ń rà, iye tí a ń san, iye tí ó kù. Aṣojú tí kò tajà rí kò lè mọ̀ bí a kò bá sọ fún un. Bí ó bá sì ṣe ìdajì, kí a dúpẹ́, kí a dá ọjọ́ tí a ó padà wá.

Èyí tí ó le jù ni ti owó. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti rí i tí àwọn aṣáájú ọjà wọlé lọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀, tí wọ́n sì jáde pẹ̀lú àpò ìrẹsì àti àpòòwé. Ọjọ́ tí a bá gba ìyẹn ni ọ̀rọ̀ wa ti parí. Ẹni tí ó ti jẹun lọ́wọ́ ẹni kò lè wo ojú rẹ̀ bi í léèrè ọ̀rọ̀ mọ́.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ Alimotu Pelewura, kí Ó dárí àṣìṣe rẹ̀ jì í, kí Ó sì fi irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ jíǹkí àwọn ọjà wa. Àmín.