Adi Shankara

Adi Shankara jẹ́ onímọ̀ ìmòye ẹ̀sìn Híńdù ní ilẹ̀ Índíà ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹjọ. Ìtàn sọ pé Kaladi, ní Kerala, ni wọ́n bí i sí. Òun ni gbajúmọ̀ jùlọ nínú àwọn olùkọ́ Advaita, ẹ̀ka kan nínú ìmòye Vedanta. Nínú àlàyé rẹ̀ lórí ìwé Brahma Sutra, ó tako àwọn ẹlẹ́sìn Búdà tí wọ́n ní ènìyàn kò ní ọkàn ayérayé. Lójú tirẹ̀, ọkàn náà wà, ọ̀kan ṣoṣo sì ni òun àti Brahman. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó ka ayé tí à ń fojú rí sí ìtànjẹ, Bhaskara, onímọ̀ Vedanta mìíràn, fẹ̀sùn kàn án pé ẹ̀kọ́ Búdà ló ń tàn kálẹ̀. Àwọn ọmọlẹ́yìn Shankara kò gbà: ọkàn ayérayé yẹn, ni wọ́n ní, ló pààlà sáàárín ẹ̀kọ́ méjèèjì.