César Manrique: Ọkùnrin tó kọ́lé sínú àpáta láì ba àpáta jẹ́

Nígbà tí mo lọ sílé gbẹ̀yìn ní Ifẹ̀-Olúkòtún, ẹnì kan mú mi lọ wo ibi tó fẹ́ kọ́ ilé ìgbafẹ́ sí ní ẹsẹ̀ òkè. Yàrá àlejò, omi ìlúwẹ̀ẹ́, gbogbo ẹ̀ ti wà lórí ìwé. Àpáta ńlá kan ló wà láàárín ilẹ̀ náà, ìyẹn ló sì ń dà á láàmú. Ó ní kí n bá òun wá àwọn tó ń fi ẹ̀tù fọ́ àpáta.

Mi ò lè dá a lóhùn. Ọkàn mi ti lọ sọ́dọ̀ César Manrique. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn rẹ̀ fún yín, torí ọ̀rọ̀ náà kàn wá.

Ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 1919 ni wọ́n bí i nílùú Arrecife, ní Lanzarote. Erékùṣù yìí wà lára Canary, ibi táwọn ọ̀dọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà máa ń forí la ikú lọ nínú ọkọ̀ ojú omi. Sípéènì ló ni ín, ṣùgbọ́n Áfíríkà ló sún mọ́ jù. Ní 1730, ilẹ̀ ya níbẹ̀, iná sì ń tú jáde títí di 1736. Àpáta yíyọ́ bo oko àti abúlé, ó gba bí ìdá kan nínú mẹ́rin erékùṣù náà. Nígbà tó tutù, ó di òkúta dúdú. Òjò ò tó, iṣẹ́ ò sí. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ilẹ̀ ègún ni.

Manrique jagun abẹ́lé Sípéènì, lápá ọ̀dọ̀ Franco. Nígbà tó dé, wọ́n ní ó gun orí òrùlé ilé wọn, ó dáná sun aṣọ ológun náà, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi òun nípa ogun mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ilé kíkọ́ ní yunifásítì, ó fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì. Ní 1945, ó lọ kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Madrid, ó sì di ayàwòrán tí wọ́n mọ̀ dáadáa. Pepi Gómez, obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé, kú ní 1963. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Manrique kó lọ sí New York.

Àárò ilé ló mú un padà ní 1966. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, Pepín Ramírez, ló ń darí ìjọba erékùṣù náà nígbà yẹn. Àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ti ń dé. Àwọn méjèèjì gbà pé òkúta dúdú yẹn gan-an ni ọrọ̀ tí wọ́n ní.

Ẹ wo ohun tó ṣe. Ní Jameos del Agua, ihò kan wà tí àpáta yíyọ́ gbẹ́ bó ṣe ń ṣàn lọ sí òkun. Adágún kékeré wà nínú ẹ̀, àwọn akàn funfun tíńtìntín tí kò ríran ń gbébẹ̀. Manrique fi adágún sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó ṣe àtẹ̀gùn, ó ṣe ibi ìjókòó, ó gbin igi, ó sì ṣe adágún funfun kan síta, lábẹ́ òfuurufú.

Ilé tiẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní ó rí orí igi ọ̀pọ̀tọ́ kan tó yọ láàárín òkúta dúdú ní Tahíche. Inú ihò ni igi náà ti hù. Ihò ńlá márùn-ún ló wà níbẹ̀, ó la ọ̀nà láàárín wọn, ó sọ wọ́n di yàrá, ó sì kọ́ ilé funfun lé wọn lórí. Fèrèsé kan wà níbẹ̀ tó dà bíi pé àpáta ń ṣàn gbà á wọlé.

Ní Timanfaya, níbi tí ilẹ̀ ṣì gbóná, ó kọ́ ilé oúnjẹ róbótó ní 1970, gíláàsì ló yí i ká. Ooru abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n fi ń yan ẹran níbẹ̀. Ní 1977, ó parí ibi ìwẹ̀ ìgbafẹ́ Lago Martiánez ní Puerto de la Cruz, ní erékùṣù Tenerife. Omi òkun ló wà nínú adágún ńlá náà, òkúta dúdú sì yọrí láàárín rẹ̀ bí ìgbà tó ti wà níbẹ̀ látayébáyé.

Ó tún rọ àwọn ará Lanzarote pé kí wọ́n má kọ́ ilé gogoro, kí wọ́n kun ilé ní funfun, kí wọ́n má fi pátákó ìpolówó ba ojú ọ̀nà jẹ́. Ọ̀pọ̀ gbọ́.

Àmọ́ ẹwà tó tọ́jú ló pe àwọn olówó wá. Nígbà tó máa di àwọn ọdún 1980, òtẹ́ẹ̀lì ti ń hù létíkun bí olú. Manrique ò dákẹ́. Ó kọ̀wé, ó ṣe ìwọ́de, ó bá àwọn tó fún un níṣẹ́ tẹ́lẹ̀ fa wàhálà. Kò ṣẹ́gun tán. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1992, ìjàǹbá ọkọ̀ pa á nítòsí ilé rẹ̀ ní Tahíche, ilé tó ti sọ di ilé àjọ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Ẹni ọdún 73 ni. Ní 1993, UNESCO fi Lanzarote sára àwọn ibi tó yẹ kí aráyé dáàbò bò. Lónìí, orúkọ rẹ̀ ló wà lára pápákọ̀ òfuurufú ibẹ̀.

Àpáta tiwa ò ti ẹnu òkè ayọnáyèéfín jáde, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà bá wa mu. Àwọn tó ń lọ sí Ìkógòsì ní Èkìtì, ṣé torí yàrá ni wọ́n ṣe ń lọ ni? Omi gbígbóná àti omi tútù tó pàdé níbẹ̀ ni wọ́n ń lọ wò. Yàrá wà níbi gbogbo. Tá a bá fọ́ àpáta Ifẹ̀-Olúkòtún tán, kí ni àlejò máa wá wò?

Mo ti fi fọ́tò ilé Tahíche ránṣẹ́ sí ẹni yẹn lórí WhatsApp. Ó ti rí i. Kò tíì fèsì.