Gómìnà Egerton àti Ọ̀nà Ọkọ̀ Ojú Irin

Ọdún 1858 ni wọ́n bí Walter Egerton. Ó ti bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ ní ilẹ̀ Malaya kí ó tó di Gómìnà Èkó ní ọdún 1904.

Nígbà náà, ọkọ̀ ojú irin ti ń rin láti Èkó dé Ìbàdàn láti ọdún 1901, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni ọ̀nà náà pin sí. Orí ni àwọn tí ń bẹ lókè ọ̀hún fi ń ru ẹrù wọn. Egerton pinnu pé ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ dé odò Ọya.

Iṣẹ́ ńlá ni èyí. Àwọn tí ń wọn ilẹ̀ ní láti ṣáájú. Lẹ́yìn wọn ni àwọn òṣìṣẹ́ yóò pa igbó, tí wọn yóò la òkè, tí wọn yóò sì kún kòtò, kí wọ́n tó lè to irin. Òkè òkun ni irin àti ẹ̀rọ ti ń wá. Owó Èkó nìkan kò tó o. Ìjọba yá owó ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, èlé sì wà lórí rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ọkọ̀ rí ẹrù kó tàbí kò rí.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ní ọdún 1906, wọ́n so Èkó pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà, Egerton sì di olórí gbogbo rẹ̀. Ìdí pàtàkì kan ni pé Gúúsù ní owó ibodè púpọ̀, pàápàá lórí ọtí tí ń ti òkè òkun wọlé. Báyìí ni owó àwọn ará Kàlàbá àti Bọ́nì ṣe ran ọ̀nà ilẹ̀ Yorùbá lọ́wọ́.

Ọkọ̀ dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì dé Jẹ́bà ní 1909. Ṣùgbọ́n láti Ìbàdàn, ọ̀nà náà yà sí ìhà ìlà-oòrùn. Ọ̀yọ́, ìlú Aláàfin, kò gbọ́ fèrè ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ọdún 1906, ìjọba Egerton la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, kí ẹrù Ọ̀yọ́ lè bá ọkọ̀ ojú irin pàdé. Àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú kò káwọ́ lẹ́rán. Wọ́n lọ wọ ọkọ̀ ní ìlú tí ó dúró sí, ọ̀pọ̀ wọn sì bá a dé ilẹ̀ Haúsá láti ṣòwò.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó fẹ́ràn Egerton. Ní ọdún 1908, àwọn ará Èkó tako owó omi tí ó fẹ́ kí wọ́n máa san.

Ọdún 1912 ni ó kúrò ní Nàìjíríà. Ọ̀nà irin ti so Èkó mọ́ Kánò nígbà náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé afárá Jẹ́bà kò parí títí di ọdún 1916. Egerton kú ní ọdún 1947. Ìtàn rẹ̀ fi hàn pé ọ̀nà tí ó sọ ìlú kan di ọlọ́jà lè fi ìlú mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ kan, àti pé ọ̀pọ̀ tí kò wọ ọkọ̀ rí ni ó bá wọn san owó rẹ̀.