Jake Gaither: akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ṣa àwọn ọmọ tí òyìnbó ò fẹ́ jọ

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kẹ́ ẹ má baà ṣì mí gbọ́: bọ́ọ̀lù tí mò ń sọ lónìí kì í ṣe ti Osimhen o. Ti Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà, tí wọ́n sì ń gbé sáré bí ẹni jí ẹ̀wù gbé.

Alonzo Smith Gaither lorúkọ rẹ̀, Jake ni gbogbo ayé ń pè é. Ọmọ pásítọ̀ ni, Tennessee ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1903. Ọdún 1937 ló dé Florida A&M, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn aláwọ̀ dúdú nílùú Tallahassee, gẹ́gẹ́ bí igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá. Lọ́dún 1942, àìsàn inú ọpọlọ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí ẹ̀. Ó là á já, nígbà tó sì di 1945, òun ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá.

Báwo ló ṣe ń rí àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá? Ibẹ̀ ló ti dùn. Nígbà yẹn, kò sí yunifásítì àwọn aláwọ̀ funfun kankan ní Florida tó máa gba ọmọ dúdú, ì báà máa sáré bí ẹtu. Florida A&M sì rèé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ̀pọ̀ tíṣà. Àwọn tó ti gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ Gaither ló lọ ń di akọ́nimọ̀ọ́gbá nílé ẹ̀kọ́ girama káàkiri ìpínlẹ̀ náà. Lọ́dọọdún, ó máa ń pe àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá jọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àwọn òyìnbó ńlá bíi Bear Bryant sì máa ń wá kọ́ wọn níbẹ̀. Tí wọ́n bá wá rí ọmọ kan tó yàtọ̀ ládùúgbò wọn, ta ni wọ́n máa sọ fún? Kò sí WhatsApp, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń dé Tallahassee.

Báyìí ni Willie Galimore ṣe wá láti St. Augustine, tó sì dé ọ̀dọ̀ Chicago Bears kí ìjàǹbá ọkọ̀ tó pa á lọ́dún 1964. Báyìí náà ni Bob Hayes, ọmọ Jacksonville, tó gba góòlù méjì ní Òlíńpíìkì Tokyo lọ́dún 1964 kan náà, tó sì tún gba ife Super Bowl pẹ̀lú Dallas Cowboys. Títí dòní, òun nìkan ló ní méjèèjì.

Àwọn ọ̀dọ́ kan bínú sí Gaither nígbà yẹn, wọ́n ní ó ń rọra jù pẹ̀lú àwọn olóṣèlú aláwọ̀ funfun. Èmi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí fẹ́ kí ọmọ ẹ̀ kojú òyìnbó lórí pápá kóun tó fẹ̀yìn tì, ó sì rí i: ní November 1969, Florida A&M na Yunifásítì Tampa, 34 sí 28. Kò tíì sírú ẹ̀ rí ní gúúsù Amẹ́ríkà, pé kí ilé ẹ̀kọ́ dúdú àti ti funfun jọ gbá a.

Àṣé ilẹ̀kùn ti ń ṣí lọ́nà kejì. Lásìkò yẹn náà ni Florida State, tó wà nílùú kan náà, àti Yunifásítì Florida bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọmọ dúdú sínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wọn. Wọ́n lówó, wọ́n ní pápá ńlá, tẹlifíṣọ̀n ń tẹ̀lé wọn. Àwọn ọmọ tí kò níbòmíì lọ tẹ́lẹ̀ wá níbòmíì lọ. Ohun tí Gaither jà fún ló kó ọmọ lọ mọ́ Florida A&M lọ́wọ́.

Ó fẹ̀yìn tì lẹ́yìn sáà 1969 yẹn: ìjáwé olúborí 203, ìjákulẹ̀ 36, ọ̀mì 4. Ó ṣì wà láyé lọ́dún 1978 tí Florida A&M gba ife ẹ̀yẹ gbogbo Amẹ́ríkà ní ìpele wọn. Tallahassee náà ló kú sí lọ́dún 1994, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún.